Èjìká Méjì Tó Wà Nínú Dípì Mi

Wọ́n ti bú mi tán nítorí dípì mi, àwòrán tó ń ṣojú fún mi lórí fóònù. Ọ̀gá mi níbi iṣẹ́ ní ó dà bí àwòrán tí fóònù fúnra rẹ̀ yà nígbà tó já bọ́ sílẹ̀. Ọ̀rẹ́ mi kan béèrè bóyá ìjà wà láàárín èmi àti ojú mi. Iṣẹ́ mi ni kí n máa dá oníbàárà lóhùn lórí fóònù láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́, nínú yàrá kan tí èmi nìkan ń gbé ní Ìkejà. Oníbàárà kan tiẹ̀ kọ̀wé sí mi pé òun ò lè bá ẹni tí kò lójú dòwò pọ̀, ó sì bá tirẹ̀ lọ. Mi ò bínú sí i. Àwọn àgbà ló ní ojú lọ̀rọ̀ wà.

Ohun tó wà nínú dípì náà kò ju èjìká méjì lọ. Èjìká òsì ẹnìkan, èjìká ọ̀tún ẹnìkejì, àti ìlà funfun tẹ́ẹ́rẹ́ kan láàárín wọn. Àwòrán àtijọ́ ni, dúdú òun funfun. Kò sí orí níbẹ̀, kò sì sí ojú. Ẹnìkan ṣoṣo ló ni èjìká méjèèjì, ìyẹn Màmá Ayétòrò, ìyá tó bí ìyá mi, tí a sin lọ́dún tó kọjá. Síbẹ̀, èèyàn méjì ló wà nínú àwòrán náà. Bí mo bá ní kí n máa ṣàlàyé èyí fún oníbàárà, ilẹ̀ á ṣú bá wa, nítorí náà ni mo ṣe jókòó kọ ọ́ síbí.

Táyé lorúkọ Màmá. Ìbejì ni wọ́n, àwọn àti Kẹ́yìndé. Kẹ́yìndé lọ nígbà tí àwọn méjèèjì ṣẹ̀ṣẹ̀ ń pààrọ̀ eyín. Ibà ló mú un. Ẹni tó bá mọ ọ̀rọ̀ ìbejì mọ̀ pé Táyé tó kọ́kọ́ jáde kọ́ ni ẹ̀gbọ́n. Kẹ́yìndé ni ẹ̀gbọ́n, òun ló rán Táyé pé kó lọ tọ́ ayé wò, kó wá sọ bó ṣe rí. Ọ̀pọ̀ èèyàn ń fi ọ̀rọ̀ yìí ṣeré. Màmá kò fi ṣeré rárá. Bí ọbẹ̀ bá dùn, wọ́n á lá ìka wọn, wọ́n á ní, "Èyí máa wà nínú ìròyìn." Bí òjò bá pa ẹ̀gẹ́ tí wọ́n sá sórí òrùlé, wọ́n á tún ní, "Èyí náà máa wà nínú ìròyìn." Ọmọdé ni mí, mo rò pé ilé iṣẹ́ rédíò ni wọ́n ń bá ṣiṣẹ́. Ìgbà tí mo dàgbà ni mo bi wọ́n ta ni wọ́n fẹ́ ròyìn fún. Wọ́n wò mí bí ẹni tó béèrè ohun tí kò yẹ kó béèrè. "Ẹni tó rán ni níṣẹ́ là á bẹ̀rù," wọ́n ní. "Mo ti tọ́ ayé wò, mo ti tọ́ ọ dé ìdí ìkòkò. Ẹni tó rán mi ni ò dúró gbọ́."

Tíṣà ni Màmá. Kíláàsì kìíní ni wọ́n fi gbogbo ọjọ́ iṣẹ́ wọn kọ́, ní Ìgbógílà, ní Ajílété, kí wọ́n tó wá fìdí kalẹ̀ sí Ayétòrò. Ọ̀dọ̀ wọn ni mo dàgbà láti ìgbà tí wọ́n ti já mi lẹ́nu ọmú, nítorí pé ìyá mi ń ṣiṣẹ́ kiri. Ọkọ Màmá ti kú kí wọ́n tó bí mi. Ilé náà ò kún rí lójú mi, èmi àti Màmá náà ni. Wọ́n ga, wọ́n tín-ín-rín, ojú wọn le. Màmá kì í rẹ́rìn-ín eyín. Bí nǹkan bá pa wọ́n lẹ́rìn-ín, imú wọn á fẹ̀, wọ́n á yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó ti tán nìyẹn. Gbogbo ọmọ tó gba ọwọ́ wọn kọjá ló mọ̀ pé bí imú Màmá bá fẹ̀, a ti bọ́ lọ́wọ́ ẹgba.

Àga méjì ló wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ wa, níwájú ilé. Wọ́n máa ń fara kan ara wọn ni. Ẹni tí Màmá kò bá pè, kò lè jókòó sí èkejì. Dádì Ìláró, ẹ̀gbọ́n ìyá mi, àkọ́bí Màmá, ọkùnrin tó ti ní ọmọ-ọmọ, á dúró tòun ti fìlà rẹ̀ lọ́wọ́ títí wọ́n á fi ní kó jókòó. Èmi nìkan ni mi ò gba àṣẹ rí. Gbogbo nǹkan ni Màmá ń rà ní méjì. Bí mo bá ra búrẹ́dì kan bọ̀ láti Ìláró, wọ́n á gbà á, wọ́n á dúpẹ́, wọ́n á wá wo ọwọ́ mi kejì. Bẹ́ẹ̀dì wọn fẹ̀ bí ilẹ̀, etí ògiri ni wọ́n sì ń sùn sí, wọ́n á fi èyí tó kù sílẹ̀. Ìgbà tí mo wà ní kékeré mo rò pé èmi ni wọ́n fi sílẹ̀ fún.

Títí mo fi wọ ilé ìwé, mo gbà pé Kẹ́yìndé wà láàyè. Nílé wa wọn kì í sọ pé ìbejì kú, wọ́n á ní ó lọ sí Èkó. Bí mo ṣe gbọ́ ọ ni mo ṣe gbà á. Bí mọ́tò Èkó bá dúró ní gáréèjì, mo máa ń wo àwọn obìnrin tó bá ń sọ̀ kalẹ̀, mo ń wá ẹni tó jọ Màmá. Lọ́jọ́ kan mo bi wọ́n pé bí ọwọ́ Kẹ́yìndé bá tiẹ̀ dí, ṣé kò lè fi nǹkan rán dírẹ́bà sí wa ni? Màmá ń ṣa ẹ̀wà lọ́wọ́. Wọn ò gbójú sókè. "Èkó tí òun lọ yẹn," wọ́n ní, "mọ́tò kì í ti ibẹ̀ bọ̀."

Ìgbà tí èmi náà wá ríṣẹ́ sí Èkó lóòótọ́, wàhálà dé. Màmá ní etí àwọn ò gbọdọ̀ gbọ́ ọ lẹ́nu ẹnikẹ́ni pé èmi Àbẹ̀ní lọ sí Èkó. Ìkejà ni kí wọ́n máa sọ. Ìyá Sùkúrá, aládùúgbò wa, gbàgbé, ó kí wọn láti ojú ọ̀nà pé, "Màmá, ọmọ yín tó lọ sí Èkó ńkọ́?" Màmá dìde, wọ́n wọlé, wọ́n sì ti ilẹ̀kùn. Obìnrin náà ní láti wá bẹ̀bẹ̀ láìmọ ẹ̀ṣẹ̀ tó ṣẹ̀. Màmá ní, "Ìkejà ló lọ. Ó ń bọ̀ lọ́dún Àjíǹde." Ìyá Sùkúrá fúnra rẹ̀ ló sọ ọ́ fún mi níbi ìsìnkú, ó ń fi ìborùn nu ojú, ó ní òun ò tíì mọ ohun tó wà ní Ìkejà tí kò sí ní Èkó.

Ìjà tí gbogbo Ayétòrò mọ̀ mọ́ Màmá ni ìjà bẹ́ǹṣì. Ọ̀gá ilé ìwé kan dé láti ibòmíràn, ó ní bí ìdánwò bá dé, kí ọmọ kọ̀ọ̀kan máa dá jókòó lórí bẹ́ǹṣì tirẹ̀, kí wọ́n má baà wo iṣẹ́ ara wọn. Màmá ní kíláàsì kìíní kọ́. Ọ̀gá ní òfin lòfin. Màmá ní ó dára, kí ó wá fọwọ́ ara rẹ̀ yà wọ́n. Mo wà nínú kíláàsì náà lọ́jọ́ yẹn. Ọkùnrin náà bẹ̀rẹ̀ láti iwájú, bó ṣe ń fà wá kúrò lára ara wa la ń bú sẹ́kún, ẹkún náà ń ràn láti bẹ́ǹṣì dé bẹ́ǹṣì títí àwọn òbí tó ń kọjá fi yà wọlé wá wo ohun tó ṣẹlẹ̀. Ó fi wá sílẹ̀, ó jáde. Màmá dá wa padà sípò ní méjì méjì, wọ́n nu imú ẹni tí imú rẹ̀ ń ṣàn, wọ́n wá dúró lójú fèrèsé kí ọ̀gá lè gbọ́ wọn dáadáa. "Ọmọ tó bá dá jókòó, ẹ̀rù ló ń kọ sínú ìwé, kì í ṣe ìdáhùn."

Lẹ́yìn náà wọ́n kọjú sí wa, wọ́n pariwo, "Bújépà!" A sì dákẹ́ jẹ́ẹ́. Ọ̀rọ̀ Faransé ni, ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé kí èèyàn má mira. Màmá ò gbọ́ Faransé ju èyí lọ. Nígbà tí mo gbọ́ ìtàn àwòrán náà ni mo tó mọ ibi tí wọ́n ti rí i.

Àwòrán náà ló wà lára ògiri pálọ̀, nínú férémù, òun nìkan. Obìnrin méjì tó jọra bí imú ṣe jọ imú jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Ti ọwọ́ òsì wé gèlè pẹlẹbẹ, ó de aago mọ́ ọwọ́, ojú rẹ̀ le bí ojú ẹni tó fẹ́ pe orúkọ nínú kíláàsì. Ti ọwọ́ ọ̀tún fi yẹtí sí etí, ó wé gèlè gogoro, ó sì ń rẹ́rìn-ín, gbogbo eyín rẹ̀ ló hàn. Ọjọ́ kan nígbà ọyẹ́, Màmá ń nu eruku lára rẹ̀, wọ́n pè mí. "Wá. Nínú àwọn méjì yìí, èwo ni mí?"

Mo tọ́ka sí èyí tó ń rẹ́rìn-ín, torí òun ló rẹwà jù.

Imú Màmá fẹ̀. "Òun ni gbogbo ayé máa ń tọ́ka sí. Kẹ́yìndé nìyẹn."

Ọjọ́ náà ni wọ́n sọ ọ́ fún mi, àwọn lórí àga, èmi nílẹ̀. Bàbá wọn jẹ́ olùkọ́ ìjọ. Nígbà tí Kẹ́yìndé lọ, ìyá wọn fẹ́ kí wọ́n gbẹ́ ère fún un bí wọ́n ṣe ń ṣe fún ìbejì, kí Táyé má baà nìkan wà. Bàbá ní ère ò ní wọ ilé olùkọ́ ìjọ. Ìyá ò bá a jà, ó kàn dákẹ́ ni. Ó ń dákẹ́ náà títí Táyé fi dàgbà, tó fi jáde ilé ẹ̀kọ́ àwọn tíṣà. Owó oṣù àkọ́kọ́ tí Màmá gbà, wọn ò fi ra aṣọ. Wọ́n wọ mọ́tò lọ sí Ìláró lọ́dọ̀ ọkùnrin ará Àjàṣẹ́ kan tó ń sọ Faransé, tó ní ṣọ́ọ̀bù fọ́tò, ẹni tí àwọn èèyàn sọ pé ó mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é fún ìbejì tí ìkejì rẹ̀ ò sí.

"Ó ní kí n kọ́kọ́ jókòó bí ara mi," Màmá ní. "Mo jókòó. Ó ní bújépà. Ó yà á. Ó wá ní kí n lọ pààrọ̀ aṣọ, kí n wá jókòó bí ẹ̀gbọ́n mi. Mo yá yẹtí ìyàwó rẹ̀. Mo jókòó sápá kejì àga. Mi ò wá mọ bí mo ṣe máa ṣe ojú. Ẹni tó lọ ní kékeré, báwo ni ojú rẹ̀ ṣe máa rí bó bá dàgbà? Mo rántí pé òun ló máa ń rẹ́rìn-ín. Èmi ló máa ń sunkún, òun ló máa ń rẹ́rìn-ín. Ni mo bá rẹ́rìn-ín."

Ọkùnrin náà gé àwòrán méjèèjì, ó lẹ̀ wọ́n mọ́ra, ó tún wọn yà pọ̀. Ibi tó ti lẹ̀ wọ́n ni ìlà funfun yẹn. Màmá gbé e délé, wọ́n gbé e lé ìyá wọn lọ́wọ́. Ìyá wò ó, wò ó, ó fi ìka kan ojú èyí tó ń rẹ́rìn-ín. Bàbá, olùkọ́ ìjọ, dúró lẹ́nu ọ̀nà, kò lè wọlé, kò lè jáde. Mo bi Màmá pé kí ni ìyá wọn sọ. Màmá bẹ̀rẹ̀ sí í nu férémù tí wọ́n ti nù tán. "Ó ní, 'Kẹ́yìndé náà ti dàgbà.'"

Láti ìgbà yẹn, Màmá ò gbà kí wọ́n ya àwọn nìkan mọ́. Bí fóònù bá yọ, wọ́n á fa ẹni tó bá sún mọ́ wọn jókòó. "Ẹ pe ẹnìkan wá jókòó tì mí." Nígbà tí wọ́n fẹ́ gba káàdì ìdánimọ̀, òṣìṣẹ́ tó ń ya fọ́tò ní ẹnìkan ṣoṣo ni ẹ̀rọ ń gbà. Màmá dìde, wọ́n ń lọ sílé. Mo sáré tẹ̀lé wọn, mo bẹ̀ wọ́n, a padà, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ àga níbi tí ẹ̀rọ ò ti lè rí mi, mo di ọwọ́ wọn mú. Ẹni tó bá wo káàdì yẹn dáadáa á rí i pé èjìká kan ga ju ìkejì lọ. Èmi ni mo wà ní ìsàlẹ̀ èyí tó tẹ̀ yẹn.

Ọ̀dọ́kùnrin oníwàásù kan tún wá wàhálà àwòrán náà. Ó ti gbọ́ ìtàn rẹ̀ láàbọ̀, ó wá sílé lẹ́yìn ìsìn, ó ní kí Màmá sọ̀ ọ́ kalẹ̀, pé ẹni tó bá ń jẹun níwájú òkú ń bọ òrìṣà. Òótọ́ ni pé Màmá máa ń kọjú sí i bí wọ́n bá ń jẹ ẹ̀wà. Wọ́n jẹ́ kó parí ọ̀rọ̀ rẹ̀, wọ́n bu omi fún un. "Pásítọ̀, ojú mi ni méjèèjì," wọ́n ní. "Bí ẹ bá lè bọ́ ojú mi kúrò lára mi, ẹ wá bọ́ ọ." Ó mu omi náà, ó sì gbàdúrà ránpẹ́.

Ọ̀sán ni Màmá lọ, lórí àga ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ìyá Sùkúrá ló bá wọn níbẹ̀. Àga kejì ṣófo. Mo ti ṣèlérí pé mo ń bọ̀ lópin ọ̀sẹ̀. Mi ò ní sọ púpọ̀ lórí èyí.

Ìsìnkú di ti gbogbo ẹbí. Dádì Ìláró ni alága, Tọ́pẹ́ ọmọ wọn tó mọ kọ̀ǹpútà ló ń ṣe pósítà. Wọ́n ń wá àwòrán Màmá, kò sì sí ibi tí Màmá ti dá wà, àfi ti káàdì tó dúdú bí ìdí ìkòkò. Tọ́pẹ́ bá lọ ya èyí tó wà lára ògiri pálọ̀. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, pósítà jábọ́ sí gúrúùpù ẹbí: orúkọ Màmá gàdàgbà, ìkéde ìlọsílé, àti lókè rẹ̀, obìnrin kan ṣoṣo, gèlè gogoro, yẹtí, eyín. Ó ti gé ti ọwọ́ òsì dànù. Dádì Ìláró kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé kí gbogbo ọmọ àti ọmọ-ọmọ fi àwòrán yìí ṣe dípì wọn títí ìsìnkú á fi parí. Kí n tó mí, ojú gbogbo ẹbí ti yí padà. Ẹ̀rín kan náà ló kún gúrúùpù láti òkè dé ìsàlẹ̀. Wọ́n ń kọ̀wé pé, "Ẹ wo ẹ̀rín Màmá," "Bí a ṣe máa rántí wọn nìyí."

Inú bí mi. Ta ló rí ẹ̀rín yẹn lẹ́nu Màmá rí? Gbogbo wọn ló mọ̀ pé Màmá kì í rẹ́rìn-ín eyín. Obìnrin tó fi ojú líle tọ́ wọn, tó nu imú wọn, tó bá ọ̀gá jà lórí bẹ́ǹṣì, òun ni wọ́n fi àlùmọ́gàjí gé dànù. Mo rí i pé bí mi ò bá sọ̀rọ̀, ojú tí kì í ṣe ti Màmá ni àwọn ọmọ tí wọn ò tíì bí máa mọ̀ sí Màmá. Mo pe Dádì Ìláró.

"Dádì, ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹni tó wà lórí pósítà yẹn kọ́ ni Màmá."

"Àbẹ̀ní, ìyá mi nìyẹn. Ṣé ojú ìyá mi ni mi ò mọ̀?"

"Ojú wọn ni, sà. Ṣùgbọ́n Kẹ́yìndé ni."

Mo gbọ́ ariwo àwọn tó ń to àga lẹ́yìn wọn. Wọ́n mọ ìtàn náà dé ibì kan, ṣùgbọ́n wọn ò mọ ibi tí ẹnìkan parí sí tí ìkejì ti bẹ̀rẹ̀. Kò sẹ́ni tó pè wọ́n lọ́jọ́ ọyẹ́ láti bi wọ́n pé, "Èwo ni mí?" "Wọ́n ti tẹ̀ ẹ́ jáde," wọ́n ní níkẹyìn, ohùn wọn ti rẹ̀. "Ó ti wà lára gbogbo ògiri láti ibí dé Ìgbógílà. Kí lo fẹ́ kí n ṣe?"

Mo fẹ́ ní kí wọ́n ya gbogbo rẹ̀ kúrò. Mo la ẹnu tán, mo wá rí i lọ́kàn mi: Kẹ́yìndé lára ògiri láti Ayétòrò dé Ìgbógílà. Ọmọdé tó lọ nígbà tó ń pààrọ̀ eyín, tí wọn ò kéde, tí wọn ò ṣe ìsìn fún, tí wọ́n kàn ní ó lọ sí Èkó. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyí tí ìlú máa pé jọ nítorí rẹ̀. Màmá á bínú pé wọ́n gé àwọn dànù, imú wọn á sì fẹ̀. Mo ní, "Kò sí nǹkan, sà. Ẹ jẹ́ kó wà bẹ́ẹ̀."

Ṣùgbọ́n mi ò fi ṣe dípì mi. Mo gba odindi àwòrán náà lọ́wọ́ Tọ́pẹ́, mo gé ti ọwọ́ òsì, èyí tí wọ́n sọ nù: gèlè pẹlẹbẹ, aago, ojú tíṣà. Mo gbé e sí i. Láàárín gbogbo ẹ̀rín tó wà ní gúrúùpù, tèmi nìkan ló le. Ìyá mi pè mí pé kí ló dé tí mò ń ya ara mi sọ́tọ̀. Ṣùgbọ́n nígbàkígbà tí mo bá kọ nǹkan sí gúrúùpù, tí ẹnìkan sì dá mi lóhùn, Táyé á wà lókè, Kẹ́yìndé á wà nísàlẹ̀ rẹ̀, wọ́n á máa fèsì ara wọn. Bí ìsìnkú ṣe máa lọ, bóyá màlúù tó. Mo máa ń kọ ohun tí kò tiẹ̀ pọn dandan kí ẹnìkan ṣáà lè fèsì. Ní ọ̀sẹ̀ yẹn, bí ìbànújẹ́ ṣe tó, inú mi dùn díẹ̀.

A sin wọ́n. Gbogbo èèyàn padà sílé. Wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í pààrọ̀ dípì. Tọ́pẹ́ ló ṣáájú, ó fi mọ́tò rẹ̀ sí i. Àwọn kan gbé ọmọ wọn sí i, àwọn kan gbé ara wọn sí i nínú aṣọ ọjọ́ ìsìnkú. Ìyá mi fi ẹsẹ Bíbélì sí i. Mi ò dá wọn lẹ́bi, alààyè ló ń jẹ́ alààyè. Dádì Ìláró ló gbẹ̀yìn. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan mo ṣí gúrúùpù láti kí wọn, mo rí i pé fìlà àti gíláàsì ojú wọn ló wà níbẹ̀. Mo wò láti òkè dé ìsàlẹ̀. Kẹ́yìndé ti lọ. Táyé nìkan ló kù, nínú róbótó kékeré kan, ojú rẹ̀ le, kò sẹ́ni lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Mo jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì mi ní Ìkejà, mo sunkún bí mi ò ṣe sunkún létí sàréè. Àárò Màmá sọ mí gidi. Gbogbo ọjọ́ ayé wọn ni wọ́n fi sá fún ohun tí mo ṣe fún wọn yẹn. "Ẹ pe ẹnìkan wá jókòó tì mí."

Mo gbé odindi àwòrán náà sí i, àwọn méjèèjì. Fóònù ò gbà. Róbótó ló ń gé e sí, ẹnìkan ṣoṣo ló sì ń gbà, bíi ti òṣìṣẹ́ káàdì lọ́jọ́sí. Bí mo bá fà á sósì, Kẹ́yìndé nìkan á hàn. Bí mo bá fà á sọ́tùn-ún, Táyé nìkan á hàn. Mo fi í sáàárín, mo sì yọwọ́. Èjìká méjì ló kù, àti ibi tí ará Àjàṣẹ́ ti lẹ̀ wọ́n mọ́ra.

Lọ́jọ́ kejì Dádì Ìláró pè mí. "Àbẹ̀ní, fóònù rẹ ti bàjẹ́ ni? Mi ò rí ojú ẹnikẹ́ni nínú dípì rẹ."

"Kò bàjẹ́, sà. Màmá àti Kẹ́yìndé ni."

"Níbo ni wọ́n wà?"

"Èjìká wọn lẹ ń wò yẹn, sà."

Mo rò pé wọ́n fẹ́ bú mi. Mo gbàgbé pé ọkùnrin tó máa ń dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga títí Màmá á fi ní kó jókòó ni.

"Ó dára bẹ́ẹ̀," wọ́n ní. "Má yọ ọ́ o. Ó kéré tán, wọn ò dá jókòó."